Nọ́ńbà Lára Wáyà: Ìtàn Òǹkà Mẹ́ta ní Ìgbèríko Adja-Ouèrè

Iṣẹ́ yìí dá lé ohun kan tó lè dà bí ẹni pé kò kan ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè: nọ́ńbà tí a fi ń pe wáyà. Ẹni tó bá wọ ìsọ̀ àwọn tó ń ta irin ní Adja-Ouèrè, ní Ikpinlè tàbí ní Pobè, tó sì fẹ́ kí wọ́n gé wáyà fún òun, lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé òun ń fẹ́ èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí èyí tó tóbi, ṣùgbọ́n orí nọ́ńbà ni ọ̀rọ̀ yóò parí sí. Nọ́ńbà yẹn ló ń ṣiṣẹ́ orúkọ. Ibi tí àwọn orúkọ náà ti wá ni kò dọ́gba. Òmíràn wá láti Paris, òmíràn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, òmíràn sì ń bá ọjà tí wọ́n ṣe lọ́nà ti Amẹ́ríkà wọlé. Nítorí náà, nọ́ńbà kan ṣoṣo lè tọ́ka sí wáyà mẹ́ta tí kò jọra rárá. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé nọ́ńbà wáyà kì í ṣe òǹkà bí a ti máa ń rò ó. Orúkọ ni, ó sì ní ìtàn. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn náà lè fi owó ara rẹ̀ ra ohun tí yóò jó ilé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kó tó ní nọ́ńbà

Wáyà jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èyí kò ṣòro láti gbà ní Èkó tàbí ní Abẹ́òkúta. Ní ìhà tiwa, ó yẹ kó ya ẹni lẹ́nu díẹ̀, nítorí pé ìjọba Faransé ló ṣàkóso Sakété, Pobè àti Adja-Ouèrè, ilé ẹ̀kọ́ Faransé ni a sì lọ. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ló là wá láàárín. A. I. Asíwájú ti tọpasẹ̀ ohun tó tẹ̀lé e nínú ìwé tó gbé jáde ní 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ ìjọba àwọn òyìnbó: àwọn ẹbí kan náà bọ́ sábẹ́ òfin méjì, owó méjì àti ilé ẹ̀kọ́ oríṣi méjì. Fil ni olùkọ́ ń kọ sójú pátákó. Wáyà ni ẹni tó ń sọ Yorùbá tàbí Nàgó ń gbọ́ nílé.

Okùn tẹlifóònù àti ti tẹ́lígíráàmù ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà kiri. Okùn tó gba abẹ́ òkun dé Èkó ní 1886, kò sì pẹ́ tí wáyà fi di orúkọ iṣẹ́ tí wọ́n ń fi okùn náà jẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbàlagbà fi ń sọ pé wọ́n tẹ wáyà sí lágbájá. Faransé náà na okùn tiwọn ní Dàhòmì. Ojú irin tó ti Àjàṣẹ́ gba Sakété dé Pobè ní 1913. Ọ̀rọ̀ Faransé fún okùn yìí wà nínú ìwé ìjọba, kò wọ ẹnu àwọn tó ń ná ọjà. Ọ̀rọ̀ kì í dúró gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún bí nǹkan ṣe tóbi tó. A ní wọn, wọ́n sì dá lé ìrísí. Pákó àti páànù a máa nípọn, wọ́n sì lè fẹ́lẹ́. Òwú a máa tínrín. Ọ̀pá àti okùn a máa tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀kọ a máa ki. Bí a bá sọ pé páànù kan tẹ́ẹ́rẹ́, ìbú rẹ̀ ni olùgbọ́ yóò rò, kò ní rò pé ó fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ìfiwéra ló wà nínú wọn. Ọdẹ tó ń dẹ tàkúté fún ọ̀yà àti bíríkìlà tó ń di irin òpó ilé lè béèrè wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́ oníṣòwò kan náà, kí ohun tí wọ́n ní lọ́kàn má sì jọra. Àlàfo yìí ni nọ́ńbà wá dí.

Òǹkà tó ń sọ̀ kalẹ̀ àti òǹkà tó ń gòkè

Bí wọ́n ṣe ń ṣe wáyà ló bí nọ́ńbà rẹ̀. Wọn a mú ọ̀pá irin tàbí bàbà, wọn a fà á gba inú ihò kan tó kéré jù ú lọ díẹ̀ lára irin líle. Bó bá yọ sí òdìkejì, ó ti gùn sí i, ó sì ti tẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Wọn a tún fà á gba ihò tó kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí irin náà bá ti le jù, wọn a fi iná rọ̀ ọ́ kó má baà já, wọn a sì tún máa fà á lọ. Àlàyé tí àwọn òpìtàn iṣẹ́ irin máa ń ṣe nípa òǹkà Gẹ̀ẹ́sì ni pé nọ́ńbà wáyà bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye ìgbà tí wọ́n ti fà á. Nọ́ńbà 5 ti gba ihò márùn-ún, nọ́ńbà 18 ti gba méjìdínlógún. Ìdí nìyẹn tí wáyà fi ń kéré bí nọ́ńbà rẹ̀ ṣe ń pọ̀. Làálàá ni nọ́ńbà náà ń kà, kò ka irin.

Ihò ilé iṣẹ́ kan kò bá ti èkejì mu. Títí di ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nọ́ńbà 10 ní ọwọ́ oníṣẹ́ kan ní Birmingham lè yàtọ̀ sí nọ́ńbà 10 ní ọwọ́ ẹlòmíràn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 1883 pé kí géèjì kan ṣoṣo wà fún gbogbo ilẹ̀ náà, àṣẹ yìí sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1884. Ó ti orí 7/0, tó fẹ̀ tó ìdajì íǹṣì, lọ dé nọ́ńbà 50, tí kò ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì lọ. Géèjì yìí ló bá irin àti wáyà wọ Èkó.

Ní ilẹ̀ Faransé, a óò rò pé ọ̀rọ̀ náà yóò rọrùn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1840 ni òfin ti fi dandan lé ìwọ̀n mítà fún gbogbo ọjà tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Síbẹ̀ àwọn oníwáyà kò fi nọ́ńbà sílẹ̀. Wọ́n kàn so ó mọ́ mìlímítà ni, nínú ohun tí wọ́n ń pè ní jauge de Paris ti 1857. Nínú èyí, wáyà ń tóbi bí nọ́ńbà ṣe ń pọ̀. Nọ́ńbà 1 fẹ̀ ní mìlímítà 0.6, ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà ló sì ń fi kún un títí dé nọ́ńbà 11, tó jẹ́ 1.6. Lẹ́yìn èyí, ìgbésẹ̀ náà ń gùn sí i: 13 jẹ́ 2, 17 jẹ́ 3, 20 jẹ́ 4.4, nọ́ńbà 30 sì jẹ́ 10 gééré. Èyí tó kéré ju nọ́ńbà 1 lọ, wọn kò fún un ní òdo. Lẹ́tà P ni wọ́n fi pè é, èyí tó dúró fún passe-perle, wáyà tó lè gba ojú ìlẹ̀kẹ̀ kọjá. Mo fẹ́ràn orúkọ yìí ju gbogbo nọ́ńbà tó tẹ̀lé e lọ, nítorí pé ó sọ iṣẹ́ tí wáyà náà wà fún.

Ẹ̀kẹta ni ti Amẹ́ríkà, tí òun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1857, láti ilé iṣẹ́ Brown & Sharpe. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ ìṣirò ni wọ́n fi gbé e kalẹ̀: bí a bá fi nọ́ńbà mẹ́fà sún síwájú, ìbú wáyà yóò dín sí ìdajì. Ó ń dé ọ̀dọ̀ wa lónìí lára wáyà gbohùngbohùn, lára ẹ̀rọ amúnáwá àti lára ohun èlò iná oòrùn, pẹ̀lú lẹ́tà AWG lára rọ́bà rẹ̀.

Bí a bá to àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìbú wáyà ní mìlímítà nìyí:

Nọ́ńbà 8: Paris 1.3, Gẹ̀ẹ́sì 4.06, Amẹ́ríkà 3.26
Nọ́ńbà 10: Paris 1.5; Gẹ̀ẹ́sì 3.25, Amẹ́ríkà 2.59
Nọ́ńbà 12: Paris 1.8, Gẹ̀ẹ́sì 2.64, Amẹ́ríkà 2.05
Nọ́ńbà 14: Paris 2.2, Gẹ̀ẹ́sì 2.03, Amẹ́ríkà 1.63
Nọ́ńbà 16: Paris 2.7, Gẹ̀ẹ́sì 1.63; Amẹ́ríkà 1.29
Nọ́ńbà 18: Paris 3.4, Gẹ̀ẹ́sì 1.22, Amẹ́ríkà 1.02

Ẹ wo nọ́ńbà 14. Níbẹ̀ ni ti Paris àti ti Gẹ̀ẹ́sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ara kanra, bí arìnrìn-àjò méjì tí ọ̀kan ń lọ Kétu tí èkejì ń bọ̀ láti Kétu, tí wọ́n pàdé lójú ọ̀nà, tí wọ́n kí ara wọn, tí wọ́n sì kọjá. Ẹni tó bá ń fi wáyà ọgbà ẹran ṣòwò ní àyíká nọ́ńbà yẹn lè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kó má mọ̀ pé òǹkà méjì ló wà. Kó tó dé 18 ni ojú yóò là. Wáyà 18 ti Paris fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ ju 18 ti Gẹ̀ẹ́sì lọ bí a bá fi ojú tí wọ́n gé wé ara wọn. Ọ̀kan ni bíríkìlà fi ń di irin kó tó da kankéré lé e; èkejì, ọwọ́ lásán kò lè lọ́ ọ.

Ìṣòro ìtumọ̀ tó wà níbí tọ́ sí àkíyèsí wa. Nínú ẹ̀hun "nọ́ńbà ńlá", kí ni ọ̀rọ̀ àpèjúwe náà ń yàn? Bó bá jẹ́ iye, nọ́ńbà ńlá ní òǹkà Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá jẹ́ ohun tí nọ́ńbà dúró fún, wáyà tó tóbi ni. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń ra ọjà ní Nàìjíríà lè sọ "ẹ fún mi ní nọ́ńbà kékeré" kó sì máa retí wáyà tó nípọn. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ní Àjàṣẹ́ yóò gbọ́ òdìkejì rẹ̀ nínú gbólóhùn kan náà, nínú èdè kan náà, láìsí ohùn kan tó yàtọ̀. Kì í ṣe ẹ̀ka-èdè ló fa èyí. Nàgó ti Adja-Ouèrè àti Yorùbá ti Ìlaròó gbọ́ ara wọn yé. Ohun tí wọ́n kò jọ ní ni àkójọ tí nọ́ńbà náà ti jáde.

Ẹnìkan lè sọ pé ó yẹ kí òǹkà tó ń sọ̀ kalẹ̀ rọ Yorùbá lọ́rùn, nítorí pé àwa náà máa ń ti orí ogún sọ̀ kalẹ̀: ẹ̀rìndínlógún jẹ́ mẹ́rin dín nínú ogún, èjìdínlógún jẹ́ méjì dín. Adolphus Mann ti kọ̀wé nípa ìyọkúrò yìí ní 1887, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí géèjì Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀. Mi ò gbà pé ó ràn wá lọ́wọ́. Ìyọkúrò wa wà nínú bí a ṣe kọ́ orúkọ òǹkà náà. Iye tó ń tọ́ka sí kò yí padà. Àti pé nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan wáyà, seize tàbí sixteen ló máa ń jáde lẹ́nu oníṣòwò. Èyí náà jẹ́ ẹ̀rí pé orúkọ ọjà ni wọ́n ń pè, kì í ṣe pé wọ́n ń ka nǹkan. A kì í túmọ̀ orúkọ.

Carré tó sọ nù

Wáyà iná mànàmáná gba ọ̀nà mìíràn, nítorí pé iye bàbà tó wà nínú rẹ̀ ni iná ń wò. Nígbà kan, àwọn oníṣẹ́ iná ilẹ̀ Faransé ń fi ìdá mẹ́wàá mìlímítà pe ìbú wáyà: douze dixièmes, seize dixièmes. Irú ìdá bẹ́ẹ̀ ṣì kù lára páànù ìkọ́lé ní Bẹ̀nẹ̀, tí a ń fi ìdá ọgọ́rùn-ún mìlímítà pè. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn ń ka iye fọ́nrán àti ìbú fọ́nrán kan: 7/.029 jẹ́ fọ́nrán méje tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 0.029 íǹṣì. Lónìí, àkójọ kan náà ni ìhà méjèèjì ń lò, èyí tí IEC gbé kalẹ̀: 1.5, 2.5, 4, 6, 10, 16 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo rẹ̀ ní mìlímítà níbùú lóròó. Ní ti ìwé, ìjà parí. Nọ́ńbà ti di ìwọ̀n.

Ní ti ẹnu, kò parí. Nàìjíríà ń pè é ní "2.5 mm". Ní Bẹ̀nẹ̀ a ń sọ pé "du 2,5". Carré ti bọ́ sọ nù lójú ọ̀nà, ó sì gbé ìtumọ̀ lọ. Wáyà 2.5 kò fẹ̀ ní mìlímítà méjì ààbọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀pá bàbà kan ṣoṣo, nǹkan bí 1.78 ni ìbú rẹ̀. Ti 1.5 jẹ́ 1.38, ti 4 jẹ́ 2.26, ti 6 jẹ́ 2.76. Ojú wáyà ni 2.5 ń wọ̀n, ìyẹn ààyè tó hàn bí a bá fi ọ̀bẹ gé e lábùú. Ẹni tí kò mọ èyí yóò fi rúlà wọn wáyà rere, yóò sì pariwo pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ó sì tún ń ṣe ojú ní jìbìtì: láti 2.5 sí 4, ìbú fi ìdajì mìlímítà péré kún un, bẹ́ẹ̀ bàbà inú rẹ̀ ti fi ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún pọ̀ sí i. Ojú lásán kò lè yan wáyà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí 16 fún ìṣẹ́jú kan. Ní Paris ó jẹ́ 2.7 mìlímítà. Ní géèjì Gẹ̀ẹ́sì, 1.63. Lẹ́nu àgbà oníṣẹ́ iná tó ń sọ seize dixièmes, 1.6, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba láìsí pé ẹnikẹ́ni pète rẹ̀. Lára wáyà òde òní tí wọ́n kọ 16 sí ní mìlímítà níbùú lóròó, ìbú rẹ̀ bí ó bá jẹ́ ọ̀pá kan jẹ́ nǹkan bí 4.5. Ẹ̀rìndínlógún mẹ́rin nìyẹn lórí àtẹ kan.

Àwọ̀n aláǹtakùn

Ibi tí èyí ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí àti owó ni ohun tí gbogbo Bẹ̀nẹ̀ mọ̀ sí toile d'araignée, àwọ̀n aláǹtakùn. Òpó iná kò dé gbogbo abúlé. Ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà sí òpó yóò bá ẹni tó ní mítà, tí a ń pè ní compteur, sọ̀rọ̀. Yóò ra wáyà, yóò gbé e gba orí igi àti ọ̀pá oparun kọjá oko dé ilé rẹ̀, yóò sì máa san owó fún onímítà. Òfin wà lórí èyí, àmọ́ kì í ṣe ti òfin ni mo fẹ́ sọ. Wáyà tí wọ́n ń rà ni mo fẹ́ wò, nítorí pé mítà gígùn ni wọ́n ń fi ra wáyà, wáyà tó kéré jù ló sì máa ń bá owó ọwọ́ mu.

Wáyà bàbà tó gùn ní mítà kan, tí ojú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà kan níbùú lóròó, ń dí iná lọ́wọ́ ní nǹkan bí 0.0175 ohm. Ká sọ pé ilé náà jìnnà ní mítà 300. Iná ń lọ, ó sì ń bọ̀, nítorí náà 600 ni ìrìn rẹ̀. Pẹ̀lú wáyà 1.5, a óò fi 0.0175 sọ 600 di púpọ̀, ká tó fi 1.5 pín in: ohm 7 ni. Bí fìríìjì, fáànù àti gílóòbù inú ilé bá ń fa ampère 5, volt 35 yóò ti sọ nù kí iná tó wọlé, 185 ni yóò kù nínú 220. Gílóòbù yóò pọ́n bí ojú ẹni tó sùn sí oko, ẹ̀rọ fìríìjì yóò máa kùn láìdìde. Pẹ̀lú 2.5, volt 21 ló sọ nù. Pẹ̀lú 10, kò tó 6.

Níbo ni volt 35 náà lọ? Ó di ooru lára wáyà, watt 175 ní gbogbo ìgbà tí ilé náà bá ń fa ampère márùn-ún. Ìbẹ̀rẹ̀ okùn ni mítà wà, kì í ṣe ìparí rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó wà ní ìparí ń san owó iná tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí. Bí ó bá ń lò ó fún wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́, kilowatt-wákàtí 1.75 ló ń sun sínú afẹ́fẹ́ oko. Wáyà tó kéré kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ àǹfààní fún tálákà mọ́ bí a bá ka oṣù mélòó kan.

Èyí tó burú jù kò hàn rárá. Bí wáyà méjèèjì bá fara kan ara wọn ní ìparí ọ̀nà, ohun tí a ń retí ni pé kí disjoncteur já kíá. Ṣùgbọ́n 220 tí a fi 7 pín jẹ́ ampère 31 péré. Disjoncteur 32 tí wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ mítà yóò rò pé ẹnìkan ń se oúnjẹ ni. Kò ní já. Wáyà 1.5, tí òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Faransé ní kí disjoncteur rẹ̀ má kọjá ampère 16, yóò máa gbóná lọ títí rọ́bà rẹ̀ yóò fi yọ́, ó sì lè jẹ́ lórí òrùlé koríko. Ìdí nìyí tí àṣà fi wà pé 1.5 fún gílóòbù, 2.5 fún ihò iná ara ògiri, 6 fún ẹ̀rọ ìdáná, tí disjoncteur wọn sì jẹ́ 16, 20 àti 32. Nọ́ńbà wáyà àti nọ́ńbà disjoncteur jẹ́ tọkọtaya. Wọn kì í sì dá 300 mítà mọ̀ nínú àṣà yẹn. Ilé kan ni wọ́n ṣe é fún. Bí ọ̀nà bá ti gùn, ká fi wáyà tóbi, ká sì fi disjoncteur kékeré sí i.

Àwọn tó ti fi àwọ̀n aláǹtakùn sílẹ̀ lọ sí iná oòrùn rò pé wọ́n bọ́. Níbẹ̀ gan-an ni wáyà ti le jù. Bátìrì volt 12 tó ń fún ilé ní ampère 5 láti mítà 10, pẹ̀lú wáyà 1.5, ń pàdánù volt 1.2 tó fẹ́ ku díẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ohun tó ní. Àdánù kan náà lára 220, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Ìlànà kan náà ló mú kí wọ́n gbé iná volt 330,000 sórí okùn tó ti Ikeja West ní Èkó dé Sakété ní 2007: bí volt bá ga, ampère á kéré, ooru á sì dín. Sakété kò jìnnà sí Adja-Ouèrè. Okùn tó ń gbé iná láti orílẹ̀-èdè kan dé èkejì, àwọn ẹlẹ́rọ ló ṣírò rẹ̀. Èyí tó wọ yàrá tí ọmọ ti ń kàwé lálẹ́, ẹnu ọjà ni wọ́n ti yàn án.

Ní ti wáyà tí kò gbé iná, ọ̀rọ̀ náà kúrú. Ti bíríkìlà gbọ́dọ̀ rọ̀, nǹkan bí 1.2 mìlímítà, 7 ti Paris tàbí 18 ti Gẹ̀ẹ́sì. Ti ọgbà gbọ́dọ̀ le, láti 2.2 dé 2.7. Wáyà méjì tí nọ́ńbà wọn dọ́gba lè yàtọ̀ pátápátá bí ọ̀kan bá ti kọjá nínú iná tí èkejì kò kọjá, nọ́ńbà kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kíka ohun tó wà lára rọ́bà

Ẹni tí kò ní irinṣẹ́ lè mọ wáyà rẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì. Kó bó rọ́bà rẹ̀, kó yí bàbà náà mọ́ bírò nígbà mẹ́wàá, kí ó fún wọn pọ̀ láìsí àlàfo, kó fi rúlà ilé ìwé wọn gbogbo rẹ̀, kó sì fi mẹ́wàá pín in. Bó bá jẹ́ mìlímítà 18, ìbú wáyà jẹ́ 1.8. Kó fi 1.8 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kó tún fi 0.785 sọ ọ́ di púpọ̀: 2.54. Wáyà 2.5 ni. Bó bá jẹ́ onífọ́nrán, kó ṣe ti fọ́nrán kan, kó sì ka iye fọ́nrán. Kó tún fi ọ̀bẹ họ ọ́. Bí inú bá funfun lábẹ́ àwọ̀ bàbà, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi bàbà bò. Ó ń dí iná lọ́wọ́ tó nǹkan bí ìlọ́po kan ààbọ̀ ti bàbà tòótọ́, gbogbo ìṣirò tí mo ṣe lókè sì gbọ́dọ̀ yí padà.

Nínú kíláàsì, mo dábàá pé ká ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ ní Yorùbá, ká má sì dà wọ́n pọ̀ mọ́: ìbú wáyà fún ohun tí rúlà ń wọ̀n, ojú wáyà fún ohun tí 2.5 ń sọ. Ojú ti wà nínú èdè fún irú iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀, nínú ojú ọgbẹ́ àti ojú ihò. "Wáyà olójú 2.5" kò gùn ju "2.5 mm" lọ lẹ́nu, ó sì dá carré padà láìdárúkọ rẹ̀.

Ìyókù wà lára rọ́bà, fún ẹni tó bá lè kà á. H07V-U 2,5 túmọ̀ sí ọ̀pá bàbà kan ṣoṣo. Bí R bá rọ́pò U, fọ́nrán ni. K ni èyí tó rọ̀ jù. Kọ́mà tó wà láàárín 2 àti 5 ń sọ fún wa pé òǹkà Faransé ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Lára wáyà tó ti Nàìjíríà wá, àmì ìdánudúró ni a óò bá níbẹ̀, 2.5, mm² kékeré a sì tẹ̀lé e nígbà mìíràn, tí 2 òkè rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná ẹni tó ń bó rọ́bà fi ń pa á rẹ́.